Apá Òsì Méjì

Ẹ̀tù ni àdúgbò ń pe télọ̀ yìí, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí kì í pẹ́ gbaná. Lóṣù tó kọjá ó ju áyọ́ọ̀nù mọ́ ògiri, díẹ̀ ló kù kó ba ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, kò tiẹ̀ pariwo. Ó ní, "Tí ẹ bá tún ju nǹkan kan péré, èmi àti ọmọ mi á kó jáde." Obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ ṣeré o.

Ni Ẹ̀tù bá gba ọsibítù lọ, ó bá màmá tó ń gba àwọn onínúfùfù nímọ̀ràn. Gbogbo ayé ló ti pa òwe sùúrù sí i létí tó fi sú u. Màmá kò pa òwe kankan. Ó ní, "Ìbínú kì í dédé dé. Ọkàn yín á kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ bi í léèrè ẹ̀rí." Ó fún un ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ ọ́ sí: kí ló ṣẹlẹ̀, kí lọkàn sọ, ẹ̀rí dà?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rán apá mọ́ kóòtù tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà láago mẹ́rin. Apá kìíní wọlé. Èkejì kọ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Yéè! Apá òsì méjì! Ẹni tó gé e kò ṣẹ́ aṣọ po kójú kọjú síra, kí ọ̀tún àti òsì lè jáde, kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Aṣọ náà ò sì ṣẹ́kù mọ́.

"Ìyàwó mi ni! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!" Ọwọ́ ń yún un. Ó gbá áyọ́ọ̀nù mú. Ó fi í sílẹ̀. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún gbá a mú. Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ túlé ká! Ó fi ọwọ́ kejì fa ìwé yọ, ó ń kọ gátagàta. Kí ló ṣẹlẹ̀? Apá òsì méjì. Kí lọkàn sọ? Ìyàwó mi fojú di mí. Ẹ̀rí dà?

Ó tẹjú mọ́ aṣọ náà. Ìlà ṣọ́ọ̀kì tí ẹni tó gé e fà, tó ṣì kù létí rẹ̀, búlúù ni. Funfun nìyàwó rẹ̀ ń lò. Òun nìkan ló ń lo búlúù. Ojú tì í gan-an.

Ìgbà náà nìyàwó wọlé tòun tọmọ. Ó rí áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọkọ, ó fa ọmọ sẹ́yìn.

"Mi ò ní jù ú," ni Ẹ̀tù wí. "Èmi ni mo ṣi apá gé. Wò ó."

"Mo mọ̀. Àárọ̀ àná ni mo ti rí i, kẹ́ ẹ tó fi aṣọ tó kù gé àpò."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ọmọ ló dáhùn láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀: "Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ yín nígbà yẹn, Bàbá."

Ẹ̀tù jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ," ló wí.

"A ò tíì lọ," ni ìyàwó dáhùn. "Ẹ kọ́kọ́ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ ná."

Àṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó kọ ọ́ pé: ọmọ mi ń bẹ̀rù mi. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rí, ó kọ ohun tí ọmọ sọ síbẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.