Omi Iwájú Ilé Fadilah

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Ìpọ̀nrí ni káńsù ní àwọn fẹ́ gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún, ṣùgbọ́n iwájú ilé Fadilah ló bọ́ sí. Táòfíkì ọkọ rẹ̀ ni kánsẹ́lọ̀ àdúgbò. Kò sẹ́ni tó bínú. Ńṣe làwọn obìnrin tó ń wá pọnmi ń kúnlẹ̀ kí Fadilah, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Olómi.

Orúkọ yẹn ni Fẹ́yìsayọ̀, aládùúgbò rẹ̀, kò lè gbé mì. Àkàngbé ọkọ tirẹ̀ ló bá Táòfíkì du ipò náà tó fìdí rẹmi. Bó bá ti gbọ́ "Ìyá Olómi" láti ojú fèrèsé, inú rẹ̀ á máa ta á bí ata.

"Bàbá Ayọ̀miídé," ó bi ọkọ rẹ̀, "ká ní ẹ̀yin lẹ wọlé, ibo lẹ bá gbẹ́ ẹ sí?"

"Ilé-ìwé."

Ó pòṣé. "Abájọ tẹ́ ẹ fi fìdí rẹmi."

Nígbà tí ìbò tún kù sí dẹ̀dẹ̀, Táòfíkì pe àdúgbò jọ. Fẹ́yìsayọ̀ dìde. "Omi àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ gbé wá síwájú ilé yín. Olè nìyẹn!"

Àmínát, tíṣà ilé-ìwé náà, nìkan ló pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà kan dá Fẹ́yìsayọ̀ lóhùn: "Ibi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ. Ẹni tó jẹ, tó sì rántí wa, ìyẹn lò ń pè lólè? Ìlara lò ń ṣe."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Fadilah kò rẹ́rìn-ín. Ó kanlẹ̀kùn Fẹ́yìsayọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo ti ní kí wọ́n fa páìpù kan wọ ọgbà yín."

Fẹ́yìsayọ̀ fẹ́ kọ̀ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an tún ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "O ṣeun, Ìyá Olómi."

Ìdí páìpù yẹn ni Àmínát bá a tó ń fọṣọ. "Mà, a ń lọ sí káńsù lórí ọ̀rọ̀ omi ilé-ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ."

"Tíṣà, ara mi ò yá."

Àmínát wo páìpù, ó wo ojú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Táòfíkì tún wọlé. Àkàngbé ní kí ìyàwó òun sọ ẹni tó dìbò fún.

"Ṣé kí n máa mu omi èèyàn, kí n tún máa bá a jà ni?"

Ọ̀dọ̀ mẹ́ruwà ni Àkàngbé ti ń ra omi tó fi ń wẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Síbẹ̀, ọkàn Fẹ́yìsayọ̀ kò balẹ̀. Bó bá ti ṣí ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ tẹ́tí sí tòdìkejì ògiri. Ti Fadilah ń ya gbùú, tirẹ̀ ń kán tó, tó.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ dín tèmi kù ni," ló ń sọ fún ara rẹ̀.