Àmì Ìbéèrè Nínú Orúkọ Fọ́tò

Wúràọlá ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Ọ̀gá Dúrótoyè pè é láti Oǹdó. Ọ̀dọ̀ bàbá ayàwòrán yìí ló ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò fún ọdún mẹ́ta kó tó wọ yunifásítì.

"Wúrà, orúkọ àwọn fọ́tò mi ti dàrú o. Wọn ò ṣeé kà mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ mọ́tò lọ sí Òkèlísà ní Oǹdó. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà bó ṣe wà: aṣọ búlúù tí wọ́n ń fi kọ́ sẹ́yìn oníbàárà, àpótí onígi tí àwọn ọmọdé ń dúró lé kí wọ́n lè ga tó ìyá wọn. Òórùn omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò láyé ọjọ́un ni kò sí mọ́, síbẹ̀ imú rẹ̀ ń wá a.

Kọ̀ǹpútà méjì ni bàbá ní. Windows ni ti iwájú ṣọ́ọ̀bù ń lò. Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni ti inú yàrá, Wúràọlá fúnra rẹ̀ ló fi sí i. Wáyà so àwọn méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí gbogbo fọ́tò ogójì ọdún wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ wáyà wò, ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún tàn án. Pàbó. Lórí kọ̀ǹpútà iwájú, orúkọ bí ọgọ́ta fọ́tò ti di lẹ́tà àti nọ́ńbà wúruwùru. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo àwọn kan náà nínú yàrá, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere: "Ta nìyí?" "Ṣé Lawrence ni?" "Ìyá onígèlè pupa, ta ni?"

Ó yé e wàyí. Windows kì í gba àmì ìbéèrè nínú orúkọ fáìlì. Linux ń gbà á.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ àwọn ìbéèrè yìí?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Èmi ni, láti inú yàrá. Orúkọ àwọn èèyàn ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi, Wúrà. Mi ò sì fẹ́ parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni."

Bàbá tí kì í kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀ láyé ìgbà náà, torí ó mọ orúkọ gbogbo ará Òkèlísà sórí! Wúràọlá lè pa àwọn àmì náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ bàbá, ó ṣí ti onígèlè pupa.

"Ìyá mi nìyí, Ọ̀gá. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wá bá yín."

Ọdún kẹrin rèé tí ìyá náà ti kú. Wúràọlá kò tiẹ̀ mọ̀ pé fọ́tò yẹn wà láyé.

Bàbá tẹ̀ síwájú. "Ìyá Wúrà! Wọ́n gbé iṣu méje wá fún mi lọ́jọ́ náà."

"Mẹ́fà ni, sà. Èmi ni mo rù ú, ọ̀kan já bọ́ lọ́nà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀sán fi pọ́n, wọ́n ti dá ènìyàn méjìdínlógójì mọ̀, wọ́n sì ti fi orúkọ wọn rọ́pò ìbéèrè. Ìyókù, wọ́n kọ "a ò tíì mọ̀" àti nọ́ńbà sí i, láìsí àmì ìbéèrè kankan. Kọ̀ǹpútà méjèèjì wá ń ka gbogbo wọn geere.

Kí Wúràọlá tó lọ, bàbá tẹ fọ́tò ìyá rẹ̀ fún un. Ó ń wò ó nínú mọ́tò títí wọ́n fi dé Ọwẹ́nà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́.