Òróró Lórí Bíréékì

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú ọkọ mi dé, Obed ló gbé e wá. Àbúrò ọkọ mi ni. Àwọn ará ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí Ṣíjúadé ti lọ kan òrùlé ilé wa, ti pè é láàárọ̀ pé kó fi ẹ̀sọ̀ sọ fún mi. Ó jókòó sórí àga wa ní Thamesmead North, nílùú òyìnbó níbí, ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tó pẹ́, ó jẹ bísíkíìtì. Ìgbà tí bísíkíìtì tán ló tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú Ṣíjúadé lọ lójú oorun. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Mi ò tíì dìde nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè orí mi.

"Ìyàwó, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù wá nínú. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò Bọ̀dá ńkọ́?"

Oṣù kẹfà ọdún 2017 nìyẹn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ kí ara òkú ọkọ mi tó tutù tán.

Ìbòrí fóònù ni Obed ń tà lọ́jà Beresford Square, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá dúró níwájú mọ́tò, wàá rò pé òun ló ṣe àkọ́kọ́ tí ayé rí. Ó ní òun kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Múṣin. Ṣíjúadé máa ń rẹ́rìn-ín pé oorun abẹ́ mọ́tò nìkan ló kọ́ yege níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà, Sátidé-Sátidé ló ń wá síwájú ilé wa, á tan ẹ́ńjìnnì, á fun fèrè, á jókòó sínú mọ́tò olóògbé bí ọba, á máa fi fóònù pariwo. Kò wà á lọ síbì kankan. Mọ́tò náà wà lójú kan lórí ilẹ̀ ọ̀rinrin, irin bíréékì rẹ̀ sì ń dípẹtà.

Ọkọ mi kì í fi bíréékì ṣeré. Takisí ló ń wà ní Woolwich. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Sunday ìparí oṣù kẹwàá tí ìjọba bá dá aago padà sẹ́yìn nítorí wíńtà, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á fi jáàkì gbé mọ́tò, á tú táyà kọ̀ọ̀kan, á wo pádì bóyá ó ti jẹ tán, á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára irin róbótó tí pádì máa ń gbá mú. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Bó bá parí, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Òun nìkan ni yóò wà á sọ̀kalẹ̀ dé ìdí àwọn garawa ìdọ̀tí ńlá tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, á tẹ bíréékì, á padà, á tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò na ọwọ́ láti inú, yóò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún mi.

Nígbà tí oṣù kọkànlá ń parí lọ, Ìyèbíyè, ọmọ wa, rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ìdájí ni yóò máa jáde, á gba Abbey Wood gun òkè Plumstead, kí bọ́ọ̀sì tó jí. Ọjọ́ Monday ni yóò bẹ̀rẹ̀, rédíò sì ti ń kéde yìnyín. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ni. Mo pe Obed, mo ní kó jọ̀ọ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà kí n gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

"Mẹkáníìkì kẹ̀? Nígbà tí mo wà láyé? Ṣé o fẹ́ kí ayé sọ pé Ṣíjúadé ò fi èèyàn sílẹ̀ ni? Fi bíréékì yẹn sílẹ̀ fún mi. Wíńtà kankan ò ní rí i gbé ṣe."

Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún mi. Mo fi bíréékì sílẹ̀ fún un.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé nínú sùtánà funfun, swẹ́tà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà tútù. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá màá rí jáàkì. Ìgò òróró ólífì ni mo rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbà á débi pé àwọn ará àdúgbò ṣí fèrèsé. Mi ò kẹ́gàn àdúrà o. Ilé ìwé míṣọ̀n ni wọ́n ti tọ́ mi. Mísì Rosaline, olùkọ́ wa, máa ń gbàdúrà sórí omi tí à ń mu, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ sè é.

Bó bá jẹ́ orí mọ́tò àti ara táyà ni Obed fi òróró pa, bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe máa ń ṣe, ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ká mọ̀ pé òun mọ inú mọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àlàfo táyà, ó sì ń fi òróró pa irin róbótó náà yíká.

"Ibí gan-an ni agbára bíréékì wà," ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ṣe ti iwájú, ó ṣe ti ẹ̀yìn. Ìpẹtà kùn ún lọ́wọ́, ó fi sùtánà nù ún.

Mo ní, "Bọ̀dá Obed, ibi tí ẹ fi òróró sí yẹn, ibẹ̀ ni pádì ti ń gbá irin mú. Òróró ò gbọdọ̀ kàn án. Á máa yọ̀ ni."

"Ìyàwó, òróró yìí kì í ṣe ti ìdáná. Ó sùn lórí pẹpẹ."

"Ṣé pádì á mọ̀ ọ́n yàtọ̀?"

Ìyèbíyè bú sẹ́rìn-ín. Obed fajú ro.

"Ohun tí ìwé ṣe fún ẹ nìyẹn. Àìnígbàgbọ́!" Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ mi. "Gbà, wọlé. Gun òkè Plumstead, kí o sì sọ̀kalẹ̀ padà, kí ìyá rẹ fojú rí i."

Ìyèbíyè, tí a bí sí Woolwich tí kò sì fi ẹ̀yin pe ẹnikẹ́ni rí, ní, "Uncle, ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa jókòó tì mí?"

"Èmi? Mo ní ìpàdé ní Barnfield."

Ọmọ náà ti ṣílẹ̀kùn. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo nà án sí Obed.

"Ọwọ́ yín ló ṣe é, Bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wà á. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín ṣe máa ń ṣe é."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mujeebat, aládùúgbò wa, yọrí lójú fèrèsé.

"Eldà, ẹ wọlé o! Àdúrà ti gbà!"

Kò rí ọ̀nà gbà. Ó ká sùtánà sókè, ó wọlé. Mọ́tò náà ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ, kò yára ju ẹni tó ń rìn lọ. A rí i tó ń tẹ bíréékì, irin ń han, mọ́tò ń lọ. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó fa bíréékì ọwọ́, ó pe orúkọ Jésù. Àwọn garawa ìdọ̀tí ló dá a dúró. Ìdérí ọ̀kan ṣí, ìdọ̀tí ilé onílé sì dà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó jáde, ojú rẹ̀ ti funfun. "Ọ̀tá wà ládùúgbò yìí!"

"Inú ìgò yín ló wà, sà," ni Mujeebat wí.

Obed fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ lẹ́sẹ̀ lásán. Mo ní sálúbàtà Ṣíjúadé lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò pè é padà. Kò bi mí bóyá ọmọ mi ì bá kú lórí òkè, mi ò sì retí pé yóò bi mí. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ohun tó bá wó lù wọ́n nìkan ni wọ́n ń rí.

Lọ́jọ́ kejì, Ezekiel, tí òun àti ọkọ mi jọ ń wa takisí, kó pádì tuntun wá. Ó ní àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti mu òróró, ẹnikẹ́ni ò lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́. Òun ló tú àwọn nọ́ọ̀tì tó le. Èmi ni mo mú búrọ́ọ̀ṣì onírin ọkọ mi, mo ha ìpẹtà, mo fi oògùn ìfọbíréékì nu òróró Obed títí irin fi mọ́. Ìyèbíyè di tọ́ọ̀ṣì mú. Inú rẹ̀ ò dùn sí òtútù, ṣùgbọ́n kò gbé iná náà kúrò lára irin.

Nígbà tí a sọ táyà ìkẹyìn kalẹ̀, Ezekiel na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. "Auntie, ẹ jẹ́ kí n dán an wò."

Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Mo ní kí ọmọ mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Mo wọlé, mo sún àga síwájú nítorí ẹsẹ̀ Ṣíjúadé gùn ju tèmi lọ. Mo wà á sọ̀kalẹ̀ dé ìdí àwọn garawa ìdọ̀tí, mo tẹ bíréékì. Ó dúró gbagidi. Mo padà sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo na ọwọ́ láti inú, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún ọmọ mi.