Orúkọ Minda Nínú Oko Ìrẹsì

Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ọgbà ilé ńlá olówó ẹrú àtijọ́ kan tí àwọn èèyàn máa ń wá wò ni àyà Verdell ti ń já. Àwọn àlejò tó kù ń ya fọ́tò àwọn òpó funfun, wọ́n ń yọ̀ bí ẹni wá síbi ìgbéyàwó. Kí ló dùn níbẹ̀? Oko ìrẹsì ẹ̀yìn ilé yẹn ni wọ́n ti lo Minda, ìyá ìyá-ńlá rẹ̀, ní ìlò ẹrú títí ó fi kú sínú omi. Orúkọ náà ni wọ́n sì sọ ọmọ-ọmọ Verdell, ọmọ ọdún márùn-ún.

Nínú mọ́tò, nígbà tí ọmọ náà ń sùn, ló ti kìlọ̀ fún Rosalee, ọmọ rẹ̀ tó bí i. "Má pe orúkọ ọmọ yìí níbẹ̀ o. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ lè dáhùn."

Rosalee bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, òkú ló ń bà yín lẹ́rù lọ́sàn-án gangan? Ó dáa, Kékeré la ó máa pè é."

Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí ọmọ fi pòórá. Wọ́n wá a lábẹ́ àwọn igi ńlá, wọ́n wá a nínú ahéré àwọn ẹrú. "Kékeré! Kékeré!" Nígbà tí wọ́n dé etí omi, ọ̀nì méjì ló ń yá oòrùn níbẹ̀, ipasẹ̀ ọmọdé sì wà nínú ẹrẹ̀.

Rosalee di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, ẹ pè é! Èmi ò lè pè é, ẹ̀rù ń bà mí!"

Verdell dijú, ó figbe ta: "Minda!"

"Màmá àgbà!"

Inú koríko gíga lọmọ ti jáde, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Verdell sáré gbá a mọ́ra.

"Ṣé o ò gbọ́ bá a ṣe ń pè ọ́ ni?"

"Kékeré lẹ̀ ń pè. Mo rò pé ọmọ ẹlòmíì ni."

Àwọn èèyàn wọn kì í gbé ọmọ kúrò níbi tó ti ṣeré láì pè é, kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa ṣẹ́ kù síbẹ̀. Nídìí mọ́tò, Verdell ní láti tún un pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á. "Minda, ó yá, máa bọ̀. Má dúró sẹ́yìn o."

Ọmọ ti jókòó. Rosalee fẹ́ ti ilẹ̀kùn, àmọ́ Verdell dì í mú. Ẹ̀rù ṣì ń bà á gan-an. Síbẹ̀ ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi àyè sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó sì kọjú sí oko ìrẹsì.

"Ẹ̀yin náà, Màmá Minda," ló wí, "ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ jù. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká relé."