Ahọ́n Màmá Tọ́-Ọ-Wò

"Ẹ̀wà ń jóná, mà."

Ọmọ tó sọ̀rọ̀ ti fi ọwọ́ bo imú. Màmá Tọ́-Ọ-Wò, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn nípa oúnjẹ, dúró ti ìkòkò gan-an, ṣíbí lọ́wọ́, síbẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan. Ó sáré pa iná.

Láti ìgbà tí ibà líle ti dá a dùbúlẹ̀ ni adùn àti òórùn ti dágbére fún un. Iyọ̀ àti iyanrìn di ọgbọọgba lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí ilé-ìwé ń fún wọn, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dijú, kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Ta ni í fi afọ́jú ṣe amọ̀nà? Ó ti pinnu pé bí agogo ọ̀sán bá ti lù, òun yóò lọ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé.

Alásè ilé-ìwé, ẹni tí àwàdà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bi í bóyá imú rẹ̀ lọ kí ará ilé ni. Ẹ̀rín sọ. Màmá Tọ́-Ọ-Wò kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó sì rọra sọ òtítọ́ fún wọn: àìsàn ti gba adùn lẹ́nu òun, òun kò sì mọ̀ bóyá yóò padà.

Nígbà náà ni Mi-Ò-Jẹ dìde, ọmọbìnrin tí ẹ̀fọ́ kankan kò tíì kọjá ètè rẹ̀ rí nílé-ìwé. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ẹ̀tàn kò ràn án. Ṣe ni yóò ti ẹnu bí ilé tí onílé rìnrìn-àjò. Ó bu ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò kejì, ó dijú, ó sì tọ́ ọ wò.

"Ó korò díẹ̀, mà, kì í ṣe bíi ti oògùn. Ó dà bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, téèyàn ń gba inú ọgbà kọjá. Àlùbọ́sà ń dùn lẹ́yìn. Iyọ̀ ò tó."

"Ṣé ó kù púpọ̀ ni?" olùkọ́ bi í.

"Ẹ dúró, mà. Ẹ jẹ́ kí n tún tọ́ ọ wò."

Alásè pàtẹ́wọ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun yóò rí ọjọ́ tí Mi-Ò-Jẹ yóò jẹ àjẹtúnjẹ. Ni àwọn yòókù bá tò sẹ́yìn ọmọ náà, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń já ara wọn nírọ́, olùkọ́ wọn sì ń wọ́n iyọ̀ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ó ti pẹ́ tó ti ń bá wọn nawọ́ sí pẹpẹ, kò sì ronú kan kèrègbè rí.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Agogo lù. Kò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó bu oúnjẹ tirẹ̀, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì fi ẹ̀fọ́ sẹ́nu. Kò mọ adùn kankan lẹ́nu. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé ó korò díẹ̀, pé àlùbọ́sà ń dùn lẹ́yìn, pé iyọ̀ ti tó.