Rédíò Kọ́ Ni Mo Wá Rà

Ẹ jẹ́ n ti ibi ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló gé orí ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi, ìka òrùka àti ọmọńdinrín. Ó ti pẹ́. Ọgbẹ́ ti jinná, mo ti padà sídìí tábìlì, mo sì ń ṣe búrẹ́dì tí àwọn tí ìka wọn pé ń rà jẹ. Àmọ́ látọjọ́ náà ni àwọn ará ilé mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí mi gan-an ni ẹ̀rọ gé.

Ti Bọ̀ọ̀dá mi ló burú jù. Ó fẹ́ràn mi, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ìfẹ́ tirẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mí. Bí mo bá gbé ìkòkò, á ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ṣí ìgò, á já a gbà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ ra gìtá, ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ta ló fẹ́ máa ta á?"

"Èmi ni."

"Àbúrò mi, ìka wo lo fẹ́ fi ta á?"

"Àwọn tó kù."

Ó ní òun náà ti ta gìtá díẹ̀ rí nígbà èwe òun, pé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gan-an kì í tó o. Mo jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Rédíò kan wà lórí pẹpẹ nílé búrẹ́dì wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan ń ta gìtá nínú rẹ̀, òun nìkan, kò sí ìlù, kò sí olórin, àfi okùn rírọ̀ àti ìka èèyàn. Mo dúró gbọnin. Búrẹ́dì jóná, ọ̀gá mi bú mi, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí mi ò bá fi ọwọ́ ara mi ṣe irú nǹkan yẹn, ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ ni wọ́n á máa pè mí títí tí màá fi kú. Mo yarí. Mi ò gbà.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gìtá wà. Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ lé mi, ó ní wọ́n á rẹ́ mi jẹ. Apárí kan tó gbé awò ojú rẹ̀ sórí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ní gìtá olókùn rírọ̀ ni mo ń wá, èyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ lè lò, tí kò sì wọ́n. Ó gbé pupa kan sọ̀ kalẹ̀, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Mo dojú ẹ̀ dé, mo gbá ẹ̀yìn rẹ̀ kó, kó. Bí a ṣe ń ṣe nílé búrẹ́dì nìyẹn: a máa ń gbá ìdí búrẹ́dì ká lè gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti jinná. Ti pupa yìí ò jinná. Èkejì dùn díẹ̀, àmọ́ okùn rẹ̀ ga sókè jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi níka. Mo ní, "Ọ̀gá, ìka tí mo ní ò tó èyí tí mo lè fi tọrẹ."

Ẹ̀kẹta kò ní ẹwà kankan. Àwọ̀ igi lásán, ojú àpá gbọọrọ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbá a, inú rẹ̀ dá mi lóhùn. Ọlọ́jà ní ojú àpá yẹn ló mú owó rẹ̀ wálẹ̀, pé kò kan ohùn rẹ̀ rárá, ọrùn rẹ̀ sì tọ́. Ó gbé gìtá tirẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí mi.

"Ẹ ṣe bí mo ṣe ń ṣe, mà."

Níbẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Nílé búrẹ́dì, èèyàn méjì ló máa ń kọjú síra wọn nídìí tábìlì kan. Bí ẹnì kejì mi bá fi ọwọ́ tó wà níhà fèrèsé yí ìyẹ̀fun, èmi náà á fi ọwọ́ tèmi tó wà níhà fèrèsé yí i, kí ọwọ́ wa má baà kọlura. Ó ti mọ́ mi lára. Ọwọ́ òsì ni ọlọ́jà fi di ọrùn gìtá mú, níhà fèrèsé. Èmi náà fi ọwọ́ tèmi tó wà níhà fèrèsé mú un. Ọ̀tún ni.

Ẹ̀rín pa Bọ̀ọ̀dá. "Ó ti gbé e sódì."

Ọlọ́jà rọra bá mi yí i padà. Mo wá fi ọwọ́ òsì tẹ okùn. Ìka kúkúrú méjèèjì nà, wọ́n nà, wọn ò débẹ̀. Ohun tó jáde dà bí ìgbà téèyàn gbá páànù. Ojú tì mí débi pé mo ti ọwọ́ náà bọ àpò.

Bọ̀ọ̀dá dìde. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ìyẹn ló tún dùn mí jù. "Ó tó báyìí. Jẹ́ ká lọ ra rédíò tó dáa fún ẹ. Wàá máa gbọ́ gìtá láti àárọ̀ dalẹ́."

Inú bí mi. "Rédíò kọ́ ni mo wá rà."

Mo fa ọwọ́ mi yọ, mo sì tún gbé gìtá náà sódì níṣojú wọn. Ọwọ́ ọ̀tún tí gbogbo ìka rẹ̀ pé lọ sọ́rùn. Ọwọ́ òsì bọ́ sórí ihò àyà gìtá, àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀, mo fà. Ohùn kan jáde, ó mọ́.

Ọlọ́jà họ orí. "Okùn tó nípọn ló yẹ kó wà lókè, mà. Bí ẹ ṣe gbé e yìí, ìsàlẹ̀ ló wà."

"Ṣé ìṣó ni wọ́n fi kàn án mọ́bẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè tú gbogbo okùn náà, kí òun tò ó padà lódìkejì, kí òun sì fi ayùn kékeré tún ibi tí wọ́n ń gbà kọjá ṣe. "Àmọ́ tí mo bá yí i báyìí, kò ní rọ ẹlòmíràn lọ́rùn láti ta á mọ́. Mi ò sì ní lè gbà á padà o."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ dá a padà?"

Ó yí okùn náà, mo sanwó. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń pariwo ní yàrá mi. Ariwo ni lóòótọ́, mi ò ní tan yín. Orí ìka ọ̀tún mi bó, ó sì le padà. Àwọn tá a jọ ń gbélé ti bẹ̀ mí, wọ́n ti bínú, ó ti sú wọn. Mo ti wá mọ orin kékeré kan báyìí, mo máa ń ṣì í ní ibì kan náà ní gbogbo ìgbà.

Lọ́jọ́ Sunday Bọ̀ọ̀dá wá kí mi. Kò tíì jókòó dáadáa tó ti ní kí n gbé nǹkan náà wá, kóun fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Mo gbé e fún un. Ó fi gbogbo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbá a mọ́ra. Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún, ó ń wá ohun tó mọ̀ nígbà èwe rẹ̀, gìtá náà ń gbin. Ó wo okùn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ ti dojú rú," ó ní. "Ìka mi ò mọ ibi tó ń lọ."

Mo na ọwọ́ òsì mi sí i, èyí tí mo máa ń fi pa mọ́ fún un.

"Ẹ gbé e wá, Bọ̀ọ̀dá. Ìka yín ti pé jù fún un."

Ó gbé e fún mi. Ó jókòó, ó sì ń gbọ́.