Búrẹ́dì fún Ìgbìmọ̀ Alábòójútó

Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò gọ́tà síwájú ilé búrẹ́dì mi ní Runjin Sambo, nílùú Sókótó, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọ́n ní títì ọlọ́dà ló ń bọ̀. Katakata wá, ó họ ilẹ̀ bí adìyẹ, ó lọ. Ohun tó kù fún wa ni ihò gbọọrọ kan tí ewúrẹ́ ń já sí, tí àwọn ọmọ ilé kéú ń fò kọjá, tí èmi Táwà, opó Sùnmọ́nù, sì ń gba orí pákó kọjá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí.

Ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ààrò mi. Ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, bíríkì lórí bíríkì, nígbà tí a dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi kú, ààrò kò kú. Òun ló tọ́ Kúnmi ọmọ wa dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò tó kọjá, omi kún kòtò, ó gba abẹ́ ilẹ̀ jẹ wọ ìpìlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn. Ààrò là, mo fi amọ̀ dí i. Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé ló sọ ohun kan náà fún mi: bí òjò tuntun bá bá kòtò yẹn níbẹ̀, ààrò á wó.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ láti ilé aṣòfin, pé wọ́n fẹ́ wá fi ojú ara wọn rí ìdí tí iṣẹ́ títì fi pẹ́. Inú mi dùn. Ẹ ò rí òmùgọ̀?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwa Yorùbá àdúgbò pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oyèlárán, télọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ tó jẹ́ àgbà wa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, kí n mú wọn wọlé lọ wo ibi tí ògiri ti là. Bàbá Oyèlárán mirí.

"Ìyá Kúnmi, ẹnu rẹ mú jù. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. A ó kí wọn, a ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà la ó wá sọ ti kòtò."

"Bàbá, wọn ò wá kí wa o. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe."

"Ìwọ sáà ṣe búrẹ́dì aládùn fún wọn. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù."

Gbogbo ilé ní òótọ́ ni. Èmi náà gbà, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: àlejò kì í wọlé ẹni kó jáde lẹ́nu gbígbẹ. Mo po ìyẹ̀fun tó dára jù, mo fi bọ́tà àti mílíìkì sí i. Mo tan iná ààrò, mo ń wo ìlà tó wà lára ògiri, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ títì náà ló kọ́kọ́ dé. Wọn ò mú símẹ́ńtì wá, wọn ò mú irin wá. Ẹfun ni wọ́n gbé wá. Wọ́n kun òkúta ní funfun, wọ́n tò ó sétí kòtò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kòtò náà wá dà bí ibojì olówó.

Nígbà tí oòrùn ti gbóná, jíìpù dé. Ọnọ́rébù Abba, alága ìgbìmọ̀, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàbáńrígà tó fi ń bá wa gbálẹ̀. Ta lẹ rò pé ó bá a sọ̀ láti inú jíìpù kan náà? Agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó wá wádìí àti ẹni tí wọ́n fẹ́ wádìí, atẹ́gùn tútù kan náà ni wọ́n jọ ń fà símú, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ọnọ́rébù kò tilẹ̀ dé etí kòtò. Ó wo oòrùn, ó wo bàtà rẹ̀, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi dongoyárò. Akọ̀wé rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìgbohùn ka iwájú.

A gbé búrẹ́dì fún un. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́, ó tún bù ú. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọn kò fún lóúnjẹ láti ìgbà ìbò.

Bàbá Oyèlárán dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi èdè Háúsá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn: "Ranka ya dade." Wọ́n kí i kú oòrùn, wọ́n kí i kú ìrìn, wọ́n kí i kú iṣẹ́ ìlú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé aṣòfin. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tó rántí wa. Wọ́n yíjú sí agbaṣẹ́ṣe, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti ṣe ìdajì rẹ̀. Ara mi ń gbóná. Gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé "ṣùgbọ́n" ń bọ̀, pé ìdí ọ̀rọ̀ kò tíì dé. Ta ló sọ ìyẹn fún Ọnọ́rébù?

Ó nu ẹnu, ó dìde. "Madalla," ó ní, pé ó dára. "A ti gbọ́ yín. Ẹ̀yin ará ibí mọ oore."

Mo fò síwájú. "Ranka ya dade, ẹ jọ̀ọ́, ààrò mi fẹ́ wó! Ẹ wá wo ògiri!"

Ó wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. "Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Nínú ààrò tó fẹ́ wó?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ti agbaṣẹ́ṣe ló ròkè jù. "Hajiya, ẹni tí títì ń yọ lẹ́nu kì í ṣe búrẹ́dì tó rọ̀ báyìí."

Ó ní kí wọ́n di èyí tó kù sẹ́yìn jíìpù. Wọ́n dì í, wọ́n lọ.

Bàbá Oyèlárán ṣì dúró, fìlà lọ́wọ́. "N ò tíì sọ ọ́ tán," ni wọ́n ń wí. "N ò tíì débẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, a gbọ́ ohùn Bàbá Oyèlárán lórí rédíò, ìdúpẹ́ pọ́ńbélé. Asọ̀ròyìn ní ìgbìmọ̀ rí i pé iṣẹ́ ń lọ geere, pé tayọ̀tayọ̀ ni ará àdúgbò fi gbà wọ́n, pé ilé búrẹ́dì ibẹ̀ pàápàá ń gbèrú. Wọ́n fún agbaṣẹ́ṣe ní àsìkò sí i. Mo kórìíra ìgbìmọ̀ náà débi pé mo pa rédíò. Búrẹ́dì mi ni wọ́n fi jẹ́rìí takò mí. Nígbà tí mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, akọ̀wé ní àbẹ̀wò ti parí, pé àwọn kì í bẹ ibì kan wò lẹ́ẹ̀mejì.

Òjò dé. Kò tilẹ̀ le. Omi kún kòtò, ó ṣan ẹfun kúrò lára òkúta, ó wọ abẹ́ ilé. Mo wà nídìí ìyẹ̀fun pípò nígbà tí mo gbọ́ ìró. Ògiri ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ lọ, orí ààrò sì tẹ̀ lé e. Bíríkì Sùnmọ́nù ti fọ́n ká sínú ẹrẹ̀. Mo jókòó sáàárín rẹ̀, mo sunkún bí ọjọ́ tí a sin ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bashir dé, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá tó máa ń bá mi gbé búrẹ́dì lọ sí Gawon Nama. Wọ́n rán an sí mi láti ilé Ọnọ́rébù ní Arkilla. Ojú ń tì í.

"Mama, Ọnọ́rébù fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Wallahi, ó ní irú búrẹ́dì ọjọ́sí lòun fẹ́."

Mo dìde. Mo kó náílọ́ọ̀nù tí orúkọ ilé búrẹ́dì mi wà lára rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn, mo ṣa bíríkì tó dúdú jù, àwọn tó ti ń gba iná láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti mọ wọ́n. Mo nù wọ́n mọ́. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí náílọ́ọ̀nù, mo so ẹnu rẹ̀ bí mo ṣe ń so ti búrẹ́dì. Bashir wò mí. Ó ń kó wọn sínú kẹ̀kẹ́.

Bàbá Oyèlárán jáde láti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n rí ohun tí à ń dì. Wọn ò dá mi dúró. Wọ́n kàn ń yí fìlà wọn lọ́wọ́.

"Ìyá Kúnmi," wọ́n ní, "kò yẹ kéèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ láì fi ìkíni kún un."

"Bàbá, ẹ ti kí wọn tán pátá," ni mo fèsì. "Èyí ni ‘ṣùgbọ́n’ náà."